Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Tọ́ Géèmù Káàdì Tuntun Wò

Bí o bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Kò sí nǹkan kan fún ọ níbí. Wàá gba géèmù náà sórí fóònù, wàá ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú rẹ yóò dùn, wàá sì lọ jẹ ẹ̀bà rẹ. Kí ni èèyàn fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Òmùgọ̀ ni mo ń wá, ẹni tó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni nǹkan, tó sì ti ń wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì rẹ̀. Òmùgọ̀ mi àtàtà, fa àga sún mọ́bí. Ìwé tìrẹ rèé.

Géèmù tí a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ ni Pokémon TCG Pocket, tí wọ́n gbé jáde káàkiri ayé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ méjì ní Jàpáànì, Creatures àti DeNA, ló jọ ṣe é. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: eré náà dára. Ìjà rẹ̀ kì í pẹ́ parí, àwòrán ara àwọn káàdì náà rẹwà, orin rẹ̀ kì í han ni létí. Ẹni tó bá fẹ́ ta á láìná kọ́bọ̀ lè ta á títí ayé. Nítorí náà, kó o tó lè jìyà nínú rẹ̀, o ní láti ṣiṣẹ́ kára, iṣẹ́ ọ̀hún ni mo sì fẹ́ kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí òwò géèmù káàdì yìí ti wá. Whot tí gbogbo wa ń ta nígbà tí NEPA bá múná lọ, ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló dá a sílẹ̀ ní 1935. Káàdì 54 ni. O rà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Olówó àti aláìní, inú káàdì kan náà ni wọ́n ti ń pín fún wọn. Bí ọmọ ọdún méje bá já géńẹ́rà máákẹ́ẹ̀tì lé bàbá olówó lórí, bàbá olówó á lọ sọ́jà ni, kò sí ẹ̀bẹ̀. Òwò wo ló wà nínú ìyẹn? Ní 1993, Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, dá Magic: The Gathering sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Káàdì tìrẹ yàtọ̀ sí tèmi, inú páàkì tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n wà, o ò sì ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí wàá fi sanwó. Pokémon náà gba ọ̀nà yìí ní Jàpáànì ní 1996. Ohun tí Pocket ṣe ni pé ó gbé ilé ìtajà náà sínú àpò ṣòkòtò rẹ, níbi tí kò ti ní í tilẹ̀kùn.

Ó yá, ṣí géèmù náà. Yóò fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Má gbà. Máa tẹ ojú fóònù kíkankíkan títí àlàyé yóò fi tán. Ohun tí wàá pàdánù kò tó nǹkan: pé káàdì 20 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó wá sójú ìjà, pé orúkọ kan kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì mẹ́ta ló borí, pé bí wọ́n bá pa ẹ̀dá Pokémon rẹ kan lásán, ọ̀tá gba àmì kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa èyí tí wọ́n kọ ex sí lára, méjì ló gbà. Kí ni ìwọ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn ex ló tóbi, àwọn ló ń dán, àwọn ni kí o kó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti pa ex méjì mọ́ lọ́wọ́ ti fún ọ̀tá ní àmì mẹ́rin nínú eré tí mẹ́ta ti tó. Ọ̀làwọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mú Charizard ex. Ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 180, ìkọlù rẹ̀ ń gba 200 lára ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Charizard kì í já bọ́ láti ọ̀run. Charmander la kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀. Charmander á dàgbà di Charmeleon, Charmeleon á wá di Charizard. Ọlọ́gbọ́n á kó méjìméjì. Ìwọ, kó Charizard méjì àti Charmander kan, nítorí géèmù kò gbà kí èèyàn wọ ojú ìjà láìní ẹ̀dá ìpìlẹ̀ kankan. Charmeleon? Kò lẹ́wà, fi í sílẹ̀. Wàá jókòó ti Charizard méjèèjì lọ́wọ́, Charmander nìkan á dúró níwájú, wọ́n á lù ú pa, bí kò bá sì sí ẹ̀dá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ìjà parí nìyẹn, bí àmì ọ̀tá kò tilẹ̀ tíì pé mẹ́ta. Sọ pé ọ̀tá ń ṣe oògùn.

Ẹnì kan lè fẹ́ dá ọ lọ́nà pẹ̀lú ìmọ̀ràn rere. Yóò ní kí o wá Pikachu ex méjì, kí o to ẹ̀dá mànàmáná mẹ́ta sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Pé ìkọlù Pikachu ń gba 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn 90 pẹ̀lú agbára méjì péré, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi borí nígbà tí géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bi í pé ṣé Pikachu, eku ofeefee tó kéré yẹn, ló fẹ́ kí o gbé síwájú ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ tán.

Agbára tí àwọn ẹ̀dá fi ń jà ńkọ́? Nínú káàdì Pokémon ti orí tábìlì, káàdì ni agbára náà, o ní láti fà á yọ. Nínú Pocket, wọ́n mú ìyẹn kúrò: ẹyọ kan ń yọjú fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tó bá kàn ọ́, àfi ẹni tó kọ́kọ́ ta, tí kò ní rí nǹkan kan gbà lákọ̀ọ́kọ́. Bí o bá yan iná nìkan, iná nìkan ni yóò máa wá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà ọ́ láyè láti yan oríṣi mẹ́ta, òmùgọ̀ kì í sì í fi ohun tí wọ́n gbà á láyè sílẹ̀. Yan iná, omi àti mànàmáná. Láti ìgbà náà, bí o bá ń retí iná, omi ni yóò dé. Bí o bá tún retí iná, mànàmáná. Ẹni tó ti ń retí iná ní Nàìjíríà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kí ló ṣe tuntun nínú ìyẹn?

Misty ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Káàdì olùrànlọ́wọ́ ni, nínú ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní Genetic Apex. Bí o bá lò ó, wàá yan ẹ̀dá omi kan, wàá sọ owó ẹyọ sókè. Bó bá jẹ́ orí, agbára omi kan wọ ara ẹ̀dá náà, o tún sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ó parí. Ìdajì ìgbà tí èèyàn bá lò ó, òfo ló ń rí. Ní ìdá kan nínú mẹ́rin, agbára ẹyọ kan péré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbì kan tó sọ orí lẹ́ẹ̀mẹta léra, tí Articuno ex rẹ̀ sì ti ń da yìnyín lu èèyàn kí onítọ̀hún tó rójú wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Òfin òmùgọ̀ lórí Misty kò ṣòro há sórí. Bí ọ̀tá bá rí orí mẹ́ta, jìbìtì ni. Bí ìwọ bá rí òfo, géèmù ń ṣe ojúsàájú. Bí ìwọ bá rí orí mẹ́ta, ọgbọ́n rẹ ló ṣe é, kí o sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń kó Articuno ex méjì péré wá sójú ìjà, tí káàdì 18 yòókù jẹ́ káàdì ìrànlọ́wọ́, tí gbogbo ìrètí wọn wà lọ́wọ́ owó ẹyọ. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ń borí dáadáa. Tèmi ni pé ẹni tó ṣe Misty jẹ wá ní gbèsè àlàyé.

Bí ìjà bá sì sú ọ, bọ́tìnnì kan wà tí géèmù yóò fi bá ọ ta ìjà tí kì í ṣe pẹ̀lú èèyàn. Tẹ̀ ẹ́, kí o lọ wẹ̀. Fóònù á máa bá fóònù jà, dátà á máa lọ, bátìrì á máa lọ, ìwọ ni wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ pé ó borí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìjà ni òmùgọ̀ ti ń gboyè. Ìdí páàkì ni.

Páàkì kan, káàdì márùn-ún. Géèmù ń fún gbogbo èèyàn ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn wákàtí méjìlá méjìlá, ìyẹn méjì lóòjọ́. Kí o tó ṣí i, wọ́n á to páàkì yí po lójú fóònù, wọ́n á ní kí o mú èyí tó wù ọ́. Ibí ni òmùgọ̀ ti ń di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò pẹ́ tí géèmù yìí jáde tí àhesọ gbòde pé bí etí páàkì kan bá tẹ̀ díẹ̀, káàdì iyebíye ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà yí wọn. Tún wọn yí. Wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ jígí. Bí atọ́ka ọ̀tún bá já ọ kulẹ̀ lánàá, fi ti òsì ya á lónìí. Dúró di aago méjìlá òru, torí pé ọmọ àdúgbò kan rí káàdì Mewtwo ní aago méjìlá òru. Kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá já sí òfo, kì í ṣe pé àhesọ náà kò ní ìdí. Ìwọ ni ìka rẹ kò mọ́.

Nínú géèmù náà ni wọ́n kọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí o rí káàdì kọ̀ọ̀kan sí. Má ṣí ibẹ̀. Ọ̀tá òmùgọ̀ pọ̀ láyé: láti 2017 ni ìjọba Ṣáínà ti sọ ọ́ di dandan pé kí irú eré báyìí máa fi ìṣirò yẹn han èèyàn, Apple náà pa á láṣẹ ní ìparí ọdún kan náà, nígbà tó sì di 2018, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ pọ́ńbélé ni kí èèyàn máa fowó ra àpótí tí kò mọ inú rẹ̀ nínú géèmù. Nígbà tó jẹ́ pé o ò ní ṣí i, èmi á sọ ọ́ fún ọ wéréwéré, kí o sì gbàgbé. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ inú páàkì, gbàǹjo ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni ìrètí wà. Káàdì oníwúrà tí wọ́n ya adé sí, 0.04 nínú 100 ni ìrètí rẹ̀ ní ipò ìkẹrin, 0.16 ní ipò ìkarùn-ún. Da méjèèjì pọ̀: bí ẹyọ kan nínú páàkì 500. Ẹni tó ń ṣí méjì lóòjọ́ yóò lo ọjọ́ 250. Wọ́n tún ń fún èèyàn ní póìǹtì 5 fún páàkì kọ̀ọ̀kan, póìǹtì 2,500 la sì fi ń ra káàdì aládé láìwo ojú oríire. Ṣe ìṣirò rẹ̀: páàkì 500 náà nìyẹn. Ẹni tó jókòó ṣe ìdíwọ̀n yẹn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí òmùgọ̀ máa gbọ́ nínú gbogbo èyí ni pé bí òun bá ti ṣí 500, adé ti di tòun. Bẹ́ẹ̀ bí ẹni mẹ́ta bá ṣí páàkì 500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹnì kan nínú wọn má rí i rárá, àfi kó lọ fi póìǹtì rà á. Páàkì kì í rántí èèyàn. Èyí tí o ṣí lẹ́yìn òfo 499 kò mọ̀ pé ojú ti pọ́n ọ.

Ìgbà yìí gan-an ni àbúrò rẹ, tó gba géèmù náà ní àná, tí kò mọ ìyàtọ̀ Pikachu sí ológìnní, yóò na fóònù rẹ̀ sí ọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan yìí, ó ń dán yòò. Ṣé ó dáa?”

Mewtwo oníwúrà ni. Páàkì ọ̀fẹ́ rẹ̀ kẹta láyé nìyẹn.

“Kò burú,” ni kí o wí. “Máa gbìyànjú.” Lẹ́yìn náà, wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, kí o ṣí ilé ìtajà.

Nínú ilé ìtajà, wúrà Poké ni wọ́n ń tà. Ẹyọ wúrà kan ń gé wákàtí méjì kúrò nínú ìdúró rẹ. Mẹ́fà á ṣí páàkì kan lójú ẹsẹ̀. Wo ọjà náà dáadáa, nítorí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí lọ́jà Ọjà-Ọba. Káàdì kọ́ ni wọ́n ń tà. Káàdì ń bọ̀ wá bá ọ fúnra rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Wákàtí ni wọ́n ń tà. Wọ́n gba wákàtí méjìlá lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà láti tà á padà fún ọ. Àpò tó tóbi jù lọ ní wúrà 690, bí 100 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Páàkì 115 nìyẹn. Bí ojú bá ń kán ọ láti ṣí 500, owó rẹ̀ lé ní 400 dọ́là, kí o tó rí adé kan ṣoṣo tí o lè má rí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ààlà sí iye wúrà tí èèyàn lè ná sórí páàkì lójúmọ́, kí òmùgọ̀ kan má bàa tán lóòjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kó kù dọ̀la.

Bí káàdì náírà rẹ bá kọ̀ tí kò san, má ṣe rò pé Ọlọ́run ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Wá ẹni tó ní káàdì dọ́là kó bá ọ san án, kí o fi náírà san fún un ní iye tó bá sọ. Má bi í léèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí. Wọ́n tún ní ìwé àṣẹ oṣooṣù kan, bí dọ́là mẹ́wàá, tó ń fún èèyàn ní páàkì kan sí i lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbà á, kí o sọ pé wàá fagi lé e kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, gbàgbé. Apá tó rọrùn jù lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn, n kò tíì rí òmùgọ̀ tó kùnà níbẹ̀.

Nígbà tí owó bá ti tán, pàṣípààrọ̀ ló kù. Eré káàdì pàṣípààrọ̀ ni wọ́n pe Pocket láti ọjọ́ tó ti jáde, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi sí pàṣípààrọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025 ló tó dé, bó sì ṣe dé ni ariwo sọ. Irú kan náà la gbọ́dọ̀ fi pààrọ̀ irú kan náà. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù lọ, wọn ò ṣeé fún ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, kí o tó lè fi ex kan gba ex kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, o ní láti san àmì pàṣípààrọ̀ 500, ọ̀rẹ́ rẹ náà á san tirẹ̀. Níbo la ti ń rí àmì nígbà náà? Láti inú káàdì tí o ní jù méjì lọ, tí o bá gbà kí wọ́n bà á jẹ́ títí ayé. Ex kan tí wọ́n bà jẹ́ ń mú 125 wá. Ìyẹn ni pé wàá sun ex mẹ́rin kí o tó lè fi ìkarùn-ún gba ìkẹfà. Àwọn ọlọ́gbọ́n bínú gan-an, wọ́n pariwo títí wọ́n fi ní àwọn ń tún un ṣe, láàárín ọdún náà ni wọ́n sì pa àmì ọ̀hún rẹ́. Òmùgọ̀ kò dúró. Òmùgọ̀ ti sun tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì, láti gba Wigglytuff ex tí àwòrán rẹ̀ dà bí ẹni tó yó.

Bí o bá ń dúnàádúrà, máa fi ẹwà káàdì rẹ ṣàlàyé, má fi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ kékeré kan bá sọ pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, èyí tí ẹ fẹ́ fún mi yìí, mo ti ní mẹ́fà,” sọ fún un pé tìrẹ yàtọ̀, pé ọwọ́ rẹ tútù. Bí àjèjì kan bá sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ní wúrà ọ̀fẹ́ fún ọ, páásíwọ́ọ̀dù rẹ nìkan ló kù, má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú rẹ.

Má tún fẹ́ràn káàdì kankan jù, nítorí òmíràn ń bọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 2024, ìpele Mythical Island dé. Ọjọ́ 30 oṣù kìíní 2025, Space-Time Smackdown. Ọjọ́ 28 oṣù kejì, Triumphant Light. Bí wọ́n ṣe ń dé nìyẹn, àwọn káàdì tuntun á sì máa lu àwọn ti tẹ́lẹ̀ bolẹ̀. Póìǹtì tí o kó jọ nínú ìpele kan kò wúlò nínú òmíràn. Nítorí náà, bí o bá ti ní 2,400 nínú Genetic Apex, tí ó ku páàkì ogún péré kí o fọwọ́ ara rẹ mú adé, ìgbà yẹn gan-an ni kí o pa ibẹ̀ tì, kí o bẹ̀rẹ̀ láti òdo nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti rí ọlọ́gbọ́n tó fẹ́ sọkún nígbà tó gbọ́ irú èyí.

Àwọn kan á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbà dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n á ní káàdì tí kò ṣeé fọwọ́ bà kì í ṣe tìrẹ. Wọ́n á tọ́ka sí Artifact: Richard Garfield kan náà yẹn ló ṣe é pẹ̀lú Valve, ilé iṣẹ́ tí owó kì í wọ́n, ó jáde ní oṣù kọkànlá 2018, 20 dọ́là ni owó ìwọlé, dọ́là méjì ni páàkì kan lẹ́yìn náà, kó tó di ìparí oṣù kẹta 2021, Valve ti ní àwọn ò ṣe é mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, títí kan àwọn tí kò rà kankan. Wọ́n á tún sọ ti Marvel Snap, eré káàdì tí kò ní àléébù kan pàtó, àfi pé àbẹ́ ByteDance tó ni TikTok ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé e jáde nígbà náà wà. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà mú TikTok ní oṣù kìíní 2025, Snap bá a lọ, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti ń ná owó sórí rẹ̀ láti 2022 jí lọ́jọ́ kan, wọn ò rí ọ̀nà wọlé bá káàdì ara wọn. Wọ́n padà ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìwọ sọ fún wọn pé Pokémon kò lè kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ sì ni òmùgọ̀ máa ń dára sí: ó lè ní ìdáhùn tó tọ̀nà sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ilé ló kù. Ìyàwó rẹ á rí iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́.

“Bàbá Tómi, kí ni wọ́n yọ yìí?”

“Dátà ni.”

“Dátà wo? Dátà kí ni wọ́n ń fi dọ́là rà?”

Níbí, òmùgọ̀ tí kò tíì gbọ́n á jẹ́wọ́. Ìwọ fi káàdì náà hàn án. Ṣàlàyé fún un pé Charizard ni, pé iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀, pé bí o bá yí fóònù díẹ̀, àwòrán rẹ̀ á mì. Yóò wò ó, yóò wò ọ́. Ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọdé lè kà, ṣùgbọ́n fara dà á, àwọn ẹ̀dá inú géèmù náà ń fara dà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbàgbé láti sọ. Géèmù á máa bẹ̀ ọ́ lóòrèkóòrè pé kí o so àkáǹtì rẹ mọ́ orúkọ tí wọn yóò fi dá ọ mọ̀, kí ó lè bá ọ dé orí fóònù mìíràn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Máa sọ pé lọ́la. Nígbà tí fóònù bá já bọ́ sínú ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tàbí tí ọmọ bá fi wẹ̀ nínú báàfù, ra òmíràn, kí o gba géèmù náà padà. Yóò kí ọ káàbọ̀. Yóò bi ọ́ ní orúkọ. Charizard, póìǹtì 2,400, ìwé àṣẹ oṣooṣù tí wọ́n ṣì ń yọ owó rẹ̀, kò mọ ìkankan nínú wọn. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fi ń wò ọ́, wọ́n sì máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní páàkì ọ̀fẹ́. Yára, wo etí wọn dáadáa kí o tó mú.